Kí A Gbóhùn Ìyá, Kí A Gbóhùn Ọmọ: Ìtàn Dókítà Virginia Apgar (1909–1974)

Nínú orí kìn-ín-ní ìwé Ẹ́kísódù ni a ti kà nípa àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, tí ọba Íjíbítì pàṣẹ fún pé kí wọ́n máa pa gbogbo ọmọkùnrin tí àwọn obìnrin Hébérù bá bí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n sì dá àwọn ọmọ náà sí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan nínú ìtàn náà. Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ ọba tí ó pa àṣẹ yìí. Fáráò lásán ni ó pè é, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn títí di òní lórí irú ẹni tí ó jẹ́. Àwọn agbẹ̀bí méjèèjì ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Orúkọ obìnrin mìíràn wà tí a ń pè lójoojúmọ́ nínú yàrá ìbímọ, láti Èkó dé Kánò, àti ní Kútọnu àti Accra pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ bá ti jáde tí ìṣẹ́jú kan sì ti kọjá, nọ́ọ̀sì a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì kọ òǹkà kan sílẹ̀: Apgar 9, tàbí Apgar 4. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ọmọ wọn láìmọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Dókítà Virginia Apgar ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kun aláìsàn lóorun kí abẹ tó kàn án lára. Báwo ni ẹni tí ń kun àgbà lóorun ṣe di ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ ń mọ̀ bóyá ọmọ tuntun yóò yè? Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará nínú ìwé Àpéjọ wa yìí.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Kí ó tó di ọdún 1846, ẹni tí a bá fẹ́ gé lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ báyìí ni a ó ti gé e, àwọn alágbára ọkùnrin ni yóò sì dì í mú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ìlú Boston, William Morton fi èéfín ether kun aláìsàn kan lóorun níwájú àwọn dókítà, a sì gé kókó ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1847, James Young Simpson ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland bẹ̀rẹ̀ sí lo chloroform fún àwọn obìnrin tí ń rọbí. Àríyànjiyàn dé. Àwọn kan wí pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó sọ fún Éfà pé inú ìrora ni yóò ti máa bímọ, nítorí náà ẹni tí ó bá mú ìrora náà kúrò ń bá Ọlọ́run jà. Simpson kọ ìwé kan ní oṣù kejìlá ọdún 1847 láti fi dá irú wọn lóhùn, ó sì tọ́ka wọn sí orí kejì ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti fi oorun ìjìkà kun Ádámù kí ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ gba chloroform lọ́wọ́ Dókítà John Snow ní ọdún 1853, nígbà ìbí ọmọ rẹ̀ Leopold, ọ̀pọ̀ ẹnu pa mọ́. Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé irú ìjiyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì láàárín àwa náà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1909 ni a bí Virginia Apgar ní ìlú Westfield ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Ikọ́ ife ni ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan, àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀ sì ń ṣe èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó fi mọ ojú ikú àti àìsàn nínú ilé kí ó tó mọ ojú ìwé. Baba rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀: bí kò bá máa fi awò wo àwọn ìràwọ̀ ní òru, a máa tún ẹ̀rọ rédíò ṣe. Olórin ni gbogbo ilé náà, láti kékeré ni ọmọbìnrin yìí sì ti ń lu violin, ohun èlò olókùn tí a ń fi ọrun fà bí gòjé.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Mount Holyoke títí di ọdún 1929. Owó kò sí nílé, nítorí náà oríṣiríṣi iṣẹ́ ni ó ṣe láti fi gbọ́ bùkátà, títí kan mímú ológbò fún àwọn olùkọ́ tí yóò là wọ́n wò. Ní ọdún kan náà ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Columbia ní New York. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ọjà owó Amẹ́ríkà fi wó lulẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí ìṣẹ́ sì bo ilẹ̀ náà. Ó yá owó, ó tún yá. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1933, òun ni ó ṣe ipò kẹrin nínú gbogbo kíláàsì rẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 dọ́là.

Iṣẹ́ abẹ ni ọkàn rẹ̀ fà sí, wọ́n sì gbà á sí i ní ọsibítù Presbyterian. Níbẹ̀ ni Allen Whipple, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ, ti pè é, tí ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Whipple ti kọ́ àwọn obìnrin kan ní iṣẹ́ náà rí, wọn kò sì rí jẹ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí obìnrin fi abẹ kàn wọ́n. Obìnrin tí ó wà nínú gbèsè, ní àkókò ìyàn, kí ni yóò jẹ? Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí tún rí ohun mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun nígbà náà, àwọn dókítà tí ó fi orí sí i kò sì pọ̀. Whipple mọ̀ pé bí iṣẹ́ akunilóorun kò bá tẹ̀ síwájú, iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú kò ní lè kọjá ibi tí ó dé. Ó rí i pé Virginia ní ọpọlọ tí ó lè gbé iṣẹ́ náà ga. Ní tèmi, mo gbà pé ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni ó fún un, mo sì tún gbà pé ìrẹ́jẹ ni ó bí ìmọ̀ràn náà, nítorí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ni a fi tì í.

Ó gbà láti lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù náà ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́, kò sì tijú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, sọ́dọ̀ Ralph Waters, ẹni tí ó jẹ́ olórí nínú ìmọ̀ yìí, ó lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó sì ń ṣí kiri láti ibùgbé kan dé òmíràn, nítorí wọn kò pèsè ilé fún dókítà obìnrin. Ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ernest Rovenstine ní ọsibítù Bellevue ní New York. Ní ọdún 1938, Presbyterian pè é padà láti wá dá ẹ̀ka akunilóorun sílẹ̀ kí ó sì ṣe olórí rẹ̀. Kò sí obìnrin tí ó ti ṣe olórí ẹ̀ka kankan níbẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi gbé ẹ̀ka náà ró. Owó iṣẹ́ náà kéré, àwọn dókítà kò fẹ́ wá sí i, àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wo akunilóorun bí ìránṣẹ́ wọn, ogun àgbáyé kejì sì tún wá kó àwọn dókítà lọ. Síbẹ̀ ó kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, iṣẹ́ náà sì ní ọlá. Ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn aláṣẹ pinnu láti sọ ọ́ di ẹ̀ka ńlá tí ó dá dúró, Emanuel Papper, ọkùnrin, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni wọ́n sọ Virginia Apgar di ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Columbia. Ọlá ni, ṣùgbọ́n àga tí ó kàn án kọ́ ni wọ́n gbé fún un. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dá àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́bi. Mélòó ni ẹgbẹ́ aládùúrà àti ẹ̀ka ìjọ tí obìnrin fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí ó fi owó ọjà rẹ̀ gbà ilẹ̀ fún, tí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí a kan òrùlé ni a ránṣẹ́ sí ọkùnrin láti wá jókòó síwájú?

Kò bínú kúrò. Bí a ti gba ẹrù ìṣàkóso kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sí yàrá ìbímọ, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn aboyún tí ó nílò oògùn akunilóorun.

Ẹ̀yin ìyá mọ àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún, pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní Amẹ́ríkà, ohùn ìyá ni gbogbo etí ń gbọ́. Iye àwọn ọmọ tí ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan ti ń dín kù, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ń kú ní wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Dókítà tí ó gbẹ̀bí ń tọ́jú ìyá: ó ń retí ibi ọmọ, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ń rán ojú ọgbẹ́. Bí ọmọ kò bá ké, tí ara rẹ̀ dà bí aró, tí ó sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹlòmíràn a lù ú ní ìdí, òmíràn a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ọmọ ni a bí. Àwọn mìíràn nínú ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe òkú. Àyà wọn ṣì ń lù. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án láti mọ̀.

Ta ni ó wà nínú yàrá náà tí ojú rẹ̀ ráyè? Akunilóorun ni, ẹni tí ó jókòó sí ìhà orí ìyá, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa ṣọ́ mímí àti lílù ọkàn. Ohun tí Virginia Apgar ti ń wò lára àgbà tí ó sùn fún ọdún púpọ̀ ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wò lára ìkókó.

Wọ́n sọ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ilé oúnjẹ ọsibítù, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í léèrè bí a ṣe lè díwọ̀n ìlera ọmọ tuntun. Ó ní kò le rárá, ó fa ìwé pélébé kan tí ó wà lórí tábìlì, èyí tí a kọ ọ́ sí pé kí olúkúlùkù kó àwo rẹ̀ kúrò, ó kọ ohun márùn-ún sí i, ó sì dìde lọ sí yàrá ìbímọ láti dán an wò. Ní ọdún 1952 ni ó sọ ọ́ níwájú àwọn dókítà akunilóorun, ní ọdún 1953 ni a sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun tí ó ní kí a ṣe ni èyí. Bí ìṣẹ́jú kan bá ti pé lẹ́yìn tí a bí ọmọ tán, kí a yẹ lílù ọkàn rẹ̀ wò. Bí kò bá lù rárá, òdo ni a ó fún un. Bí ó bá ń lù ṣùgbọ́n tí kò tó 100 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan. Bí ó bá ju 100 lọ, méjì. Kí a wo mímí: ọmọ tí ó bá fi agbára ké gba méjì, èyí tí ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ségesège gba ọ̀kan. Bákan náà ni kí a wò bóyá ó ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tàbí ó rọ, bóyá ó fa ojú ro tàbí ó sín nígbà tí a bá tọ́ ọ, àti bí àwọ̀ ara rẹ̀ ti rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú márààrún kò gbà ju méjì lọ, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Kò béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ojú, etí, ìka ọwọ́ àti aago tó. Ó tún ní kí ẹni tí yóò fún ọmọ ní òǹkà má ṣe jẹ́ ẹni tí ó gbẹ̀bí rẹ̀, nítorí oníṣẹ́ kì í fẹ́ bu iṣẹ́ ara rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, ó mọ inú ọmọ ènìyàn.

Nínú ìwé àkọ́kọ́ náà ó fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí oṣù wọn pé tí òǹkà wọn kò ju méjì lọ, 14 nínú 100 ni ó kú; nínú àwọn tí ó gba mẹ́ta sí méje, ó ju ẹyọ kan lọ díẹ̀ nínú 100; nínú àwọn tí ó gba mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan nínú 1,000. Ìròyìn kejì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1958 kárí ọmọ tí ó ju 15,000 lọ. Ní àtijọ́, dókítà kan a ní ọmọ náà dára, èkejì a ní kò dára, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ẹni tí ó tọ̀nà. Nísinsìnyí ó di nọ́ńbà. Nọ́ńbà kékeré a máa ti dókítà lójú. Ó fẹ́ kí ó gòkè, nítorí náà ó ń fún ọmọ náà ní èémí. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún ń kà á lẹ́ẹ̀kejì ní ìṣẹ́jú karùn-ún, láti mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe ti bọ́ sí i.

Pẹ̀lú Duncan Holaday àti Stanley James, ó tún gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí òǹkà wọn lọ sílẹ̀ kò ní ọ́síjìn tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú èyí, àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ọmọ tuntun, pé kò ní ewu. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé àwọn ọmọ tí a fi gáàsì cyclopropane kun ìyá wọn lóorun máa ń rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Gáàsì yìí wọ́pọ̀ nígbà náà, Virginia Apgar fúnra rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn aboyún.

Ní ọdún 1962, Joseph Butterfield ní Denver fi lẹ́tà márùn-ún orúkọ rẹ̀ ṣe ohun ìrántí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ohun kan nínú márààrún. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé àkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni Apgar.

Ohun kan kàn wá gidigidi ní ilẹ̀ wa yìí. Nínú ìwé ọdún 1953 yẹn, Apgar tìkára rẹ̀ wí pé àwọ̀ ara ni ó ṣòro láti gbẹ́kẹ̀lé jù nínú márààrún, ó sì mẹ́nu kan àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ìyá àgbà wa mọ̀ pé àwọ̀ tí ọmọ bá wá sáyé kọ́ ni àwọ̀ rẹ̀. Etí ni wọ́n máa ń wò láti mọ̀ bóyá yóò dúdú. Nítorí náà, ẹni tí ń gbẹ̀bí láàárín wa kò gbọdọ̀ máa wá ara pupa bíi ti ọmọ Òyìnbó. Ahọ́n àti inú ètè ni kí ó wò, kí ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú. Kí a tún fi kún un pé òǹkà yìí kì í sọ bóyá ọmọ yóò ní làákàyè tàbí kò ní ní. Àwọn dókítà òde òní kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ lò ó bẹ́ẹ̀, àti pé ọmọ tí kò mí, a kò gbọdọ̀ dúró kí ìṣẹ́jú kan pé kí a tó ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ìjọ tí àwọn baba wa dá sílẹ̀ ní ilé àbíyè, níbi tí àwọn ìyá agbẹ̀bí ti ń fi àdúrà àti ìfẹ́ ṣiṣẹ́ fún owó táṣẹ́rẹ́ tàbí láìgba nǹkan kan. Èmi kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ìtàn ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin. Èlíṣà ti ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà sí Olúwa. Lẹ́yìn àdúrà náà ó gorí ibùsùn, ó sì fi ẹnu rẹ̀ kan ẹnu ọmọ náà. Wòlíì náà kò rò pé ọ̀kan tàbùkù èkejì. Aago tí ó ní ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá, aṣọ gbígbẹ láti fi nu ọmọ kí òtútù má mú un, ẹni kan tí a yàn pé kí ó má wo ìyá, ọmọ nìkan ni kí ó máa wò, àti ọkọ̀ tí ó lè gbéra sí ọsibítù ní òru: ẹ̀ka wo nínú wa ni kò lè pèsè ìwọ̀nyí?

Ní ọdún 1959, nígbà tí ó pé ẹni àádọ́ta ọdún, Virginia Apgar gba oyè nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú ní Yunifásítì Johns Hopkins. Ó fi iṣẹ́ akunilóorun sílẹ̀, ó sì lọ bá National Foundation ṣiṣẹ́. Àárẹ̀ Roosevelt ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1938 láti bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì ti dé ní ọdún 1955, ẹgbẹ́ náà yí ojú sí àbùkù tí a ń bí mọ́ ọmọ. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sí yàrá. Àwa náà mọ irú rẹ̀: ọmọ tí a kì í gbé wá sí ìsìn ìdúpẹ́, tí a sì ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ó ṣe. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù nípa afọ́jú inú ìwé Jòhánù orí kẹsàn-án, a sì mọ ìdáhùn tí wọ́n gbà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn rubella jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964 sí 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ni a bí pẹ̀lú ìpalára nítorí pé ó mú ìyá wọn nínú oyún, Apgar sì wà lára àwọn tí ó ń kígbe pé kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 1972, òun àti Joan Beck kọ ìwé kan fún àwọn òbí lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ọ̀rọ̀ yáyá ni ó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, kíákíá ni ó sì ń rìn. A máa gbé ọ̀bẹ kékeré àti ọ̀pá ìmí kan kiri nítorí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá dí lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn rẹ̀, Carleen Hutchins, ni ó kọ́ ọ bí a ti ń fi igi ṣe àwọn ohun èlò olókùn bíi violin. Ní ọdún 1957, àwọn méjèèjì rí pákó dáradára kan nínú ilé kótópó tí a ti ń lo tẹlifóònù ní ọsibítù, àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ fún wọn. Wọ́n lọ síbẹ̀ ní òru pẹ̀lú irinṣẹ́ àti pákó mìíràn tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Pákó tuntun náà gùn jù díẹ̀. Hutchins wọ ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin lọ láti fi ayùn gé e, ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣọ́nà. Emi kò gbọdọ̀ yìn wọ́n fún èyí, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni òfin kẹjọ ní fún un, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1974, ẹni ọdún 65, nínú ọsibítù tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1994, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sára sítáǹpù 20 sẹ́ǹtì. Níbi ayẹyẹ náà, ohun èlò mẹ́rin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe orin, èyí tí a fi pákó ilé tẹlifóònù ṣe sì wà lára wọn.